Bí Ìdọ̀tí Ilé Ṣe Di Ajílẹ̀: Ìtàn Tí Wọ́n Dàrú

Ẹni tó bá ń wá ìgbà tí ọmọ aráyé bẹ̀rẹ̀ sí í kó èèpo, ewé àti eérú jọ kó lè jẹrà di ajílẹ̀, ìwé kọ̀ọ̀kan ni yóò sọ tirẹ̀ fún un. Àwọn kan ní àwọn ará Róòmù ni, àwọn mìíràn ní òyìnbó kan ló dá a sílẹ̀ ní Íńdíà.

Ti Róòmù kò le. Cato, ará Róòmù kan, mẹ́nu ba òkìtì ìgbẹ́ ẹran nínú ìwé iṣẹ́ àgbẹ̀ tó kọ ní nǹkan bí ọdún 160 ṣáájú ìbí Kírísítì, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ nǹkan sílẹ̀ kọ́ ló dá a. Ẹ̀yìnkùlé àwọn baba ńlá wa náà ní ààtàn, níbi tí wọ́n ń da ilẹ̀ gbígbá àti èèpo iṣu sí, tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ata sì ń hù nínú rẹ̀ láìsí ẹni tó kọ ọdún kankan sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òyìnbó yẹn ló gba sùúrù. Albert Howard, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n bí ní 1873, dé Íńdíà ní 1905 láti ṣèwádìí ohun ọ̀gbìn ní Pusa. Láti 1924 sí 1931, Indore ló wà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣètò ìlànà tí wọ́n fi orúkọ ìlú náà pè: ewé àti pòròpórò nísàlẹ̀, ìgbẹ́ màlúù lé e, eérú àti iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀, kí a wá wọ́n omi sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń yí òkìtì náà kí afẹ́fẹ́ lè dé inú rẹ̀, torí kòkòrò tíntìntín tó ń jẹ ẹ́ rà ń mí bíi tiwa. Bí kò bá sí afẹ́fẹ́, òórùn ni yóò gbòde. Láàárín oṣù mẹ́ta, ó ti di ajílẹ̀.

Ṣé Howard ló wá dá a sílẹ̀? Rárá. Òun fúnra rẹ̀ pe àwọn àgbẹ̀ Íńdíà ní olùkọ́ rẹ̀, ó sì ti ka ìwé tí F. H. King kọ nípa àgbẹ̀ Ṣáínà, Kòríà àti Jàpáánì, èyí tó jáde ní 1911. Àwọn méjì ló tún kọ ìwé tó ṣàlàyé ìlànà Indore ní 1931: Howard àti Yeshwant Wad. Àwọn tó ń tún ìtàn náà sọ kì í sábà dárúkọ Wad, n kò sì rí àwáwí fún un. Iṣẹ́ àwọn méjèèjì ni pé wọ́n wọn ohun tí àgbẹ̀ ń ṣe, wọ́n sì tò ó lẹ́sẹẹsẹ.

 

J. I. Rodale ló gbé ìlànà Indore láti oko ńlá wọ ẹ̀yìnkùlé ní Amẹ́ríkà, nínú ìwé ìròyìn tó dá sílẹ̀ ní 1942. Ní 1982, Mary Appelhof kọ ìwé fún ẹni tí kò ní ẹ̀yìnkùlé: àpótí nínú ilé, tí ekòló inú rẹ̀ ń sọ èèpo di ajílẹ̀.

Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ló gbòde, torí oúnjẹ tí a bò mọ́lẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé máa ń tú gáàsì mítéènì tó ń mú ayé gbóná jáde. Gúúsù Kòríà fòfin de dída oúnjẹ sí ààtàn ìlú ní 2005. Faransé ní kí ìjọba ìbílẹ̀ pèsè ọ̀nà tí ìdílé yóò fi yà á sọ́tọ̀ láti 2024. Ní Ìbàdàn, wọ́n ti sọ ìdọ̀tí ọjà Bódìjà di ajílẹ̀ títà.