Gbígba amóhùnmáwòrán pẹ̀lú áńtẹ́nà ní Òmù-Àrán

Gbígba amóhùnmáwòrán pẹ̀lú áńtẹ́nà ni wíwo ètò láìsan owó oṣooṣù, nípa gbígba ìgbì tí ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán ń fọ́n sí afẹ́fẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún 1959, nígbà tí WNTV ṣí ní Ìbàdàn.

Òmù-Àrán, ibùjókòó Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn ní Ìpínlẹ̀ Kwara, jìnnà sí Ìlọrin ní nǹkan bí 70 kìlómítà. Ọ̀nà tààrà ni ìgbì náà ń gbà, nítorí náà òkè àti bí ayé ṣe rí roboto ń dí i lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí gíga áńtẹ́nà fi ṣe kókó: láti mítà 3, ojú ọ̀nà rẹ̀ kò ju kìlómítà 7 lọ, láti mítà 10, ó tó 13. A ó ro èyí mọ́ ti òpó tó ń fọ́n ìgbì.

Áńtẹ́nà Yagi, tí Shintaro Uda àti Hidetsugu Yagi ṣàgbéjáde ní Japan ní 1926, dára fún ọ̀nà jíjìn, nítorí apá kan ṣoṣo ló ń kọjú sí. Ní Òmù-Àrán, àríwá-ìwọ̀-oòrùn ni Ìlọrin wà. Ẹ̀bá áńtẹ́nà ni bústà yẹ kó wà, torí wáyà gígùn ń dín agbára ìgbì kù, bústà kò sì lè dá ohun tó ti sọnù padà.

Ní ti díjítà, ìgbì tí kò tó kì í fi àwòrán ṣe kùrukùru. Ńṣe ni àwòrán ń já tàbí kí ó parẹ́. Ọ̀pá irin gbọ́dọ̀ jìnnà sí wáyà iná, kí a sì so ó mọ́ ilẹ̀ nítorí àrá.