Ọkọ̀ Ojú Irin, Tẹ́ńpìlì àti Ọgbà: Ìtàn Ìrìn-àjò Afẹ́ ní Jàpáànì

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú irin ní Jàpáànì, eré tó ń sá ni ọ̀pọ̀ wa máa ń kọ́kọ́ mẹ́nu bà. Ẹ jẹ́ ká fi eré sílẹ̀ lónìí. Àjọṣe rélùwéè àti àwọn tẹ́ńpìlì àtijọ́ ilẹ̀ náà la fẹ́ yẹ̀ wò, nítorí lójú tiwa, ẹni tó gba tẹ́ńpìlì là náà ló tún fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.

Ní 1868, ìjọba tuntun tó gorí àlééfà lábẹ́ Ọba Meiji pàṣẹ pé kí wọ́n ya ẹ̀sìn Búddà kúrò lára Shinto, ẹ̀sìn àbáláyé wọn. Ìyàsọ́tọ̀ ni wọ́n pè é, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn sọ ọ́ di ogun. Wọ́n fọ́ ère, wọ́n sun ìwé mímọ́, wọ́n lé àwọn àlùfáà dànù. Nígbà tó di 1871, ìjọba gba ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí àwọn tẹ́ńpìlì fi ń jẹun. Kofuku-ji ní ìlú Nara, tí ẹnu rẹ̀ tólẹ̀ gan-an láyé àtijọ́, pàdánù ògiri tó yí i ká. Títí dòní, àárín ọgbà ìgbafẹ́ gbogboogbò ni àwọn ilé rẹ̀ wà, tí àgbọ̀nrín ń jẹko kiri níbẹ̀. Tẹ́ńpìlì tí kò nílẹ̀ mọ́, tí kò sì ní olówó tí yóò gbọ́ bùkátà rẹ̀, kí ni yóò máa jẹ?

Èrò ni. Ọdún kan péré lẹ́yìn tí wọ́n gba ilẹ̀ yẹn ni wọ́n ṣí rélùwéè àkọ́kọ́, láti Shimbashi ní Tokyo dé Yokohama. Edmund Morel, òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ olórí àwọn ẹnjiníà, ti kú kí iṣẹ́ náà tó parí. (Ìbú irin tí wọ́n tẹ́ níbẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 3 àti íǹṣì 6, náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì tẹ́ láti Èkó dé Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1901. Ọmọ ìyá ni irin tiwa àti tiwọn!) Ní 1889, irin ti gba Kyoto kọjá dé Kobe. Ìrìn tí ẹlẹ́sìn ń fi ẹsẹ̀ rìn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ di ohun tí kò tó ọjọ́ kan.

Ní 1899, ilé iṣẹ́ kan tẹ́ irin kékeré tó ń lo iná mànàmáná ní Kawasaki, kí ó lè máa kó olùjọsìn lọ sí tẹ́ńpìlì Kawasaki Daishi. Òun ló di Keikyu tòní. Àwọn ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ polówó ìjọsìn ọjọ́ ọdún tuntun débi pé hatsumode, àṣà tí ọ̀pọ̀ rò pé ó ti wà láti ìwáṣẹ̀, rélùwéè gan-an ló sọ ọ́ di ńlá.

Àwọn olówó ńkọ́? Ipò mẹ́ta ni ọkọ̀ náà ní: àmì funfun fún ipò kìíní, búlúù fún ìkejì, pupa fún àwọn mẹ̀kúnnù. Ní 1930, ọ̀kan nínú àwọn yàrá ìwòran ẹ̀yìn ọkọ̀ "Fuji", tí àwọn àlejò òkèèrè máa ń wọ̀, ni wọ́n ṣe inú rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ bíi ààfin àti tẹ́ńpìlì ayé Momoyama. Èyí pa wá lẹ́rìn-ín díẹ̀: àlejò kò tíì dé tẹ́ńpìlì, tẹ́ńpìlì ti wá bá a nínú ọkọ̀. Ọdún yẹn kan náà ni Iléeṣẹ́ Ìjọba fún Rélùwéè dá ẹ̀ka ìrìn-àjò afẹ́ sílẹ̀. Ogun ló dá gbogbo rẹ̀ dúró. Ní 1944 wọ́n yọ ipò kìíní àti yàrá oúnjẹ kúrò.

Lẹ́yìn ogun ni wàhálà gidi dé. Shinkansen bẹ̀rẹ̀ láàárín Tokyo àti Osaka ní 1964, nígbà tó sì di 1970, rélùwéè ìjọba gbé ìpolówó "Discover Japan" jáde. Èrò ya wọ Kyoto. Ẹ wo Saiho-ji, tẹ́ńpìlì tí ọgbà rẹ̀ lókìkí nítorí ewé tútù kéékèèké tó bo ilẹ̀ rẹ̀ bíi kápẹ́ẹ̀tì. Ewé yẹn kò lè gba ẹsẹ̀ èèyàn. Ní 1977, tẹ́ńpìlì náà ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo ẹni tí kò bá kọ̀wé ṣáájú. Ní 1985 ẹ̀wẹ̀, ìlú Kyoto bu owó orí lé àwọn tó ń wá wo tẹ́ńpìlì. Àwọn tẹ́ńpìlì ńlá fárí ga, wọ́n ti ilẹ̀kùn, ìlú náà sì fagi lé owó orí ọ̀hún ní 1988.

Nígbà tí gbèsè mu rélùwéè ìjọba dé ọrùn, wọ́n pín in sọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ JR ní 1987. Ọ̀kan nínú wọn, ti erékùṣù Kyushu, gbé "Seven Stars" jáde ní October 2013: ọkọ̀ méje, yàrá 14 péré. Sakaida Kakiemon kẹrìnlá, àgbà amọ̀kòkò, ló ṣe àwọn abọ́ ìfọwọ́ tánganran inú rẹ̀. Ó kú ní oṣù June ọdún náà, kí ọkọ̀ tó gbéra. Owó nìkan kọ́ ni wọ́n fi ń wọ̀ ọ́. Àwọn tó ń béèrè pọ̀ débi pé kèké ni wọ́n ń ṣẹ́. Ọkọ̀ afẹ́ àti Saiho-ji ti wá jọ ara wọn báyìí: kọ̀wé, dúró, kí wọ́n tó pè ọ́.

Irin Daishi ti 1899 ṣì ń ṣiṣẹ́ ní tirẹ̀. Kò ní ipò kìíní, kò sì sẹ́ni tó ń ṣẹ́ kèké kí ó tó wọ̀ ọ́. Ní ọjọ́ ọdún tuntun, ẹni tó bá ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ti wọlé.