Ẹ Wo Epo Kí Ẹ Tó Wo Ọkọ̀: Ẹ̀kọ́ Ọdún 1973

Ní ọdún 1966, ilé-iṣẹ́ Winnebago ní ìpínlẹ̀ Iowa, Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọkọ̀ ìrìn-àjò tó ní ibùsùn, ìdáná àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú. Àwọn ìdílé ń rà á fún ìsinmi. Àfi ìgbà tó di oṣù kẹwàá ọdún 1973, tí àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá kọ̀ láti ta epo fún Amẹ́ríkà. Àgbá epo rọ̀bì kan tó jẹ́ nǹkan bíi dọ́là 3 di nǹkan bíi 12. Ìlà gùn nílé epo, ọjà ọkọ̀ wọ̀nyí sì dẹnu kọlẹ̀.

Àwa tí à ń tu owó jọ fún ọkọ̀ àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ ká fi kọ́gbọ́n: ẹni tó fẹ́ ra ẹṣin, kó kọ́kọ́ ṣírò iye koríko tí yóò máa jẹ.