Agbọ́n Kékeré tí ó Gba Pákí Wa Là

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń jẹ ẹ̀bà láìmọ̀ bí pákí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parun mọ́ àgbẹ̀ lọ́wọ́ ní ohun tí ó lé ní 40 ọdún sẹ́yìn.

Láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni àwọn Pòtògí ti gbé pákí wá sí Áfíríkà. Kòkòrò funfun kan, tí ara rẹ̀ dàbí èyí tí a bu ìyẹ̀fun sí, tọ̀ ọ́ wá láti ibẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1973. Ilẹ̀ Kóńgò ni a ti kọ́kọ́ rí i. Abo ni gbogbo wọn, wọn kò sì nílò akọ kí wọn tó bí sí i. Wọn a máa mu oje ọ̀mùnú pákí, ewé a ká jọ, igi a ràn. Níbi tí ó bá ti le, àgbẹ̀ tí ì bá wa apẹ̀rẹ̀ 10 lè pàdánù 8. Igi pákí tí a ń gbé láti oko dé oko fún gbíngbìn ni ó sì ń tan kòkòrò náà kálẹ̀.

Àgbẹ̀ wo ni yóò rí owó oògùn apakòkòrò fún oko pákí? Àní bí owó bá wà, oògùn a máa pa kòkòrò rere mọ́ búburú. Ẹni tí ó bá rántí bí àwọn kan ti ń da Gàmálíìnì kòkó sínú odò láti fi pẹja yóò mọ ohun tí mo ń wí.

Ilé ìwádìí IITA, tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1967, gba ọ̀nà mìíràn. Hans Herren, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ni ó ṣáájú iṣẹ́ náà. Wọ́n rò ó pé bí kòkòrò yìí kò bá ba pákí jẹ́ ní ilé rẹ̀, ó ní ọ̀tá níbẹ̀. Ní ọdún 1981, a rí ọ̀tá náà ní Paraguay: agbọ́n tí gígùn rẹ̀ kò tó mìlímítà 2, tí kì í sì í ta ènìyàn. A kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò ní Lọ́ńdọ̀nù, kí ó má baà di wàhálà mìíràn, kí a tó tú u sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún kan náà. Inú kòkòrò pákí ni ó ń yé ẹyin sí. Ọmọ rẹ̀ a jẹ inú olùgbàlejò rẹ̀ tán, a sì dá ihò jáde.

Kí ọdún 1990 tó parí, agbọ́n náà ti gbilẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà tí ó lé ní 20. Ọkọ̀ òfuurufú ni a fi tú òmíràn sílẹ̀. Àgbẹ̀ kankan kò san kọ́bọ̀. Herren gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní ọdún 1995. Nígbà tí kòkòrò yìí kan náà sì dé ilẹ̀ Thailand ní ọdún 2008, láti Bẹ̀nẹ̀, ilẹ̀ aládùúgbò wa, ni a ti kó agbọ́n ránṣẹ́ sí wọn ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e.