Ṣọ́jà oníke: ogun wo ló kù tí wọn kò tíì ṣe?

Ọ̀rọ̀ ohun ìṣeré ọmọdé la mú wá lónìí, ṣùgbọ́n ẹ má fojú kékeré wò ó.

Lọ́jọ́ kan, àwọn ọmọ ilé ìwé wa to ṣọ́jà oníke sórí tábìlì, àwọn aláwọ̀ ewé tí wọ́n máa ń tà nínú ọ̀rá lọ́jà. A bi wọ́n pé ọmọ ogun ibo nìyí. Wọ́n ní ti Amẹ́ríkà ni. A ní ta ni wọ́n ń bá jà? Wọ́n ní Amẹ́ríkà náà ni. Ọmọ kan wá gbójú sókè, ó ní: "Maître, ti Kétu dà?"

A kò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà. Èsì yẹn la ń wá níhìn-ín. Bí àwọn tó ń ṣe ṣọ́jà oníke bá ń wá ogun mìíràn tí wọn yóò ṣe, èwo ni ká ní kí wọ́n ṣe?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí nǹkan yìí ti wá. Kí ike tó dé, òjé ni wọ́n fi ń ṣe wọ́n. Ní 1893, William Britain ní Lọ́ńdọ̀nù rí ọgbọ́n tí wọ́n fi ń da òjé kí inú rẹ̀ ṣófo, owó rẹ̀ sì wálẹ̀. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì ni ike gba ipò òjé. Starlux ṣe tirẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé. Airfix bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àwọn kéékèèké ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1959, tí ènìyàn kan kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì àbọ̀ lọ.

Ogun wo ni wọ́n ṣe? Ti Napoléon, ti Róòmù, ti Amẹ́ríkà Àríwá àti Gúúsù, ti ogun àgbáyé méjèèjì. Bí Áfíríkà bá wọ inú páálí náà, òyìnbó ló sábà máa ń mú un wọlé. Airfix ṣe Légion étrangère ti Faransé, ó sì ṣe àwọn Lárúbáwá aṣálẹ̀ tí yóò bá wọn jà. Esci ti Ítálì ṣe àwọn Súlú, nítorí pé wọ́n bá Gẹ̀ẹ́sì jà ní 1879. Bí òyìnbó kò bá sí lójú ogun, ó dà bí ẹni pé ogun kò ṣẹlẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ dábàá mẹ́ta.

Èkíní ni ogun Kírìjì, láti 1877 sí 1893. Ìbàdàn wà lápá kan, Èkìtì Parapọ̀ lápá kejì, Ògèdèǹgbé sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn olórí wọn. Ìró ìbọn tuntun tí wọ́n ń yìn ni wọ́n fi sọ ogun náà lórúkọ. Ààrẹ Látòósà kú sí ibùdó ogun ní 1885. Ibùdó wọ̀nyẹn di ìlú: wọ́n ń dáko, wọ́n ń ná ọjà. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe páálí Kírìjì kò gbọdọ̀ ṣe oníbọn nìkan. Kí ó ṣe onílù, kí ó ṣe babaláwo, kí ó ṣe obìnrin tó gbé oúnjẹ karí.

Èkejì ni ogun Tógò ní 1914, èyí tó kan àwọn ará wa ní Àtàkpámẹ̀ gan-an. Àwọn Jámánì ní ẹ̀rọ tẹligíráfù aláìlókùn ńlá kan ní Kamina, nítòsí ibẹ̀. Ní oṣù Ògọ́sítì, Alhaji Grunshi, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà, yin ìbọn tí wọ́n kà sí àkọ́kọ́ láti ọwọ́ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì nínú ogun àgbáyé kìíní. Àwọn tirailleurs ti Faransé wá láti Dàhómì. Wọ́n jà kíkan ní Chra ní ọjọ́ 22, Jámánì sì jọ̀wọ́ ara wọn ní ọjọ́ 26. Ní ìhà méjèèjì, aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù. Lẹ́yìn náà ni Faransé ń fi ipá mú ọmọkùnrin wọ iṣẹ́ ológun. Àwọn Ọ̀họ̀rí lẹ́bàá Pọ́bẹ̀ dìde sí wọn, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì sá kọjá ààlà lọ sí Nàìjíríà. Ìdílé tó pín sí méjì nítorí èyí ṣì wà láàárín wa.

Ẹ̀kẹta ni Kétu. Ní 1883, àwọn ọmọ ogun Glèlè, ọba Dàhómì, wọ ìlú, wọ́n sun ún. Ní 1886 wọ́n padà wá, wọ́n dó tì í fún oṣù mélòó kan. Odi àti yàrà kò yẹ̀, Akaba Ìdènà dúró, ṣùgbọ́n ebi wọ inú ìlú. Kétu ṣubú, wọ́n sì kó àwọn tó kù lẹ́rú lọ sí Àgbómẹ̀. Ní ọdún kan náà, ọjọ́ 23 oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà, àwọn ará Kírìjì fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà. Bí ilẹ̀ ṣe ń rọ̀ ní ìlà-oòrùn ni ilé ń wó ní ìwọ̀-oòrùn.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ: a kì í fi egbò ṣeré. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó. Láti ọjọ́ 30 oṣù Júláì 2022 ni ère obìnrin ológun Dàhómì, tó ga ní mítà 30, ti dúró ní Kútọnu. Fíìmù Amẹ́ríkà náà ti jáde lórí wọn lọ́dún yẹn. Bí ilé iṣẹ́ ṣọ́jà oníke bá fẹ́ ṣe nǹkan wa, àwọn ni yóò kọ́kọ́ ṣe. A kò bínú sí i. Akọni ni wọ́n, àna wa sì ni àwọn Fọ̀n lónìí. Àwa náà kò mọ́ tónítóní, nítorí àwọn ìlú Yorùbá kó ara wọn lẹ́rú. Ohun tí a ń sọ ni pé, bí wọ́n bá to àwọn obìnrin náà sórí tábìlì, ta ni wọ́n ń bá jà? Kí wọ́n má fi Faransé nìkan síwájú wọn. Kí wọ́n ṣe àwọn Ẹ̀gbá tó dá wọn padà ní 1851 àti 1864. Kí wọ́n ṣe ẹ̀ṣọ́ Akaba Ìdènà. Kí wọ́n sì ṣe ènìyàn kan tó gbé ẹrù karí, tó ń padà bọ̀ wálé, nítorí pé lẹ́yìn tí Dodds wọ Àgbómẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù Nòfẹ́ńbà 1892, àwọn ẹrú Kétu padà wá, wọ́n sì tún ìlú tẹ̀ dó. Bí kò bá sí ẹni yẹn nínú páálí, ọmọ wa yóò rò pé Kétu parí ní 1886.

A kò sì ní láti dúró de Ítálì tàbí Gẹ̀ẹ́sì. Thomas Ona Odulate, gbẹ́nàgbẹ́nà ọmọ Ìjẹ̀bú tó ṣiṣẹ́ ní Èkó, gbẹ́ àwọn òyìnbó aláṣẹ, ṣọ́jà àti lọ́yà ní ère kéékèèké, òyìnbó fúnra wọn sì ń rà á. Gbẹ́nàgbẹ́nà wà ní Kétu, amọ̀ sì wà lẹ́bàá odò.

Ohun tó kù ni ìmọ̀. Ẹ bi àwọn bàbá àti ìyá wa àgbà: irú ẹ̀wù wo ni ẹ̀ṣọ́ Kétu wọ̀? Kí ló gbé lọ́wọ́? Kí ni àwọn obìnrin ń ṣe nígbà tí ìlú wà nínú odi? Ẹ kọ ọ́ síbí fún wa. Ọmọ tó bi wá léèrè ṣì ń dúró de èsì.