Báàgì Ghana-Must-Go àti Ẹrù Arìnrìnàjò

Ní Òṣòdì, níbi tí bọ́ọ̀sì òkè ọya ti ń kérò, báàgì Ghana-Must-Go kò wọ́n. Ìtàn tí àwọn èèyàn ń sọ nípa rẹ̀ ló takora. Àwọn kan ní Gánà ni wọ́n ti ń ṣe é. Àwọn kan ní ọdún 1969 ló gba orúkọ, àwọn mìíràn ní ìgbà ìjọba Buhari ni. Ó yẹ kí a to ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ.

Láyé àtijọ́, kí báàgì yìí tó dé, orí àti oṣùká ló ń gbé ẹrù. Orí alárùú ni ẹrù òyìnbó arìnrìnàjò nì, Clapperton, wà nígbà tó gba Àgbádárìgì lọ sí Ọ̀yọ́ Ilé ní ìparí ọdún 1825. Nígbà tí rélùwéè tó gba Òṣòdì kọjá dé Ìbàdàn ní 1901, ọrùn sinmi díẹ̀.

Ní 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ẹjìgbò fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ bọ̀ wálé. Ìbànújẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n orúkọ báàgì wa kò ti ibẹ̀ wá.

Ọdún 1983 ló ti wá. Owó epo ti já wálẹ̀ ní Nàìjíríà, ìdìbò oṣù kẹjọ sì ń bọ̀. Ní 17 oṣù kìíní, Alhaji Ali Baba, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé lábẹ́ Ààrẹ Shagari, kéde pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ọmọ Gánà tọ́rọ̀ náà kàn lé ní mílíọ̀nù kan. Gánà ti ti ẹnubodè rẹ̀ láti oṣù kẹsàn-án 1982, Tógò àti Benin náà sì ti tiwọn, ni èrò bá há sí ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ pẹ̀lú ọmọ àti ẹrù. Báàgì tó fúyẹ́, tí kò wọ́n, tó gba ìkòkò, aṣọ àti tìmùtìmù, ni wọ́n rà. Lílé kejì, ní 1985 lábẹ́ Buhari, kàn fìdí orúkọ náà múlẹ̀ ni. Àwọn tó sọ pé ẹ̀san 1969 ni lílé ti 1983 kò rántí pé olórí ológun mẹ́ta ló ti jẹ ní Gánà láàárín ìgbà méjèèjì.

Báàgì náà kì í sì í ṣe ti Gánà. Ike pẹlẹbẹ ni wọ́n hun bí ẹní. Àwọn ará Hong Kong ti ń lò ó láti àwọn ọdún 1960. Ní 2007, Louis Vuitton gbé irú rẹ̀ jáde fún àwọn olówó. Okùn ìfàlọ́wọ́ rẹ̀ máa ń lágbára. Síìpù ló máa ń kọ́kọ́ já, ìdí nìyẹn tí àwọn alábàárù fi ń fi okùn dì í yíká.

Gbàgede ọkọ̀ Òṣòdì tí wọ́n ṣí ní 2019 ti mú ìrìnàjò rọrùn díẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ sì ń ti Èkó lọ gun Òkè Ìdànrè àti ìsun omi Olúmirin ní Ẹrin-Ìjẹ̀ṣà. Má gbé Ghana-Must-Go lọ síbẹ̀ o. Àtẹ̀gùn Ìdànrè lé ní 600, ọwọ́ méjèèjì sì gbọ́dọ̀ ṣófo. Báàgì àgbékọ́yìn tó ní ìgbànú ni kí o rà. Ohun tó wúwo ni kó sún mọ́ ẹ̀yìn rẹ, kí omi wà ní àrọ́wọ́tó. Bó bá jẹ́ òkìríkà lo fẹ́ rà, fa síìpù rẹ̀ síwá sẹ́yìn dáadáa kí o tó sanwó.