Ta Ni Wọ́n Kà Mọ́ Òṣìṣẹ́? Obìnrin, Ọjọ́ Orí àti Iṣẹ́ ní Erékùṣù Mọ́rísì

Bí ẹ bá ṣí ìwé ìṣirò ìjọba lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, orílẹ̀-èdè yòówù kó jẹ́, ẹ ó rí tábìlì kan tó máa ń jọra níbi gbogbo. Ọjọ́ orí wà lápá òsì: 16 sí 24, 25 sí 34, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkùnrin àti obìnrin wà lókè. Inú àpótí kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kọ iye àwọn tó níṣẹ́ lọ́wọ́ nínú 100 sí. Ọ̀pọ̀ wa, ìbú la máa ń ka irú tábìlì bẹ́ẹ̀. A ó fi obìnrin wé ọkùnrin, a ó ní obìnrin kò ṣiṣẹ́ tó, ọ̀rọ̀ parí. Mo fẹ́ ká kà á lọ́nà mìíràn lónìí. Ẹ jẹ́ ká mú ìran kan ṣoṣo, àwọn tí wọ́n bí lọ́dún kan náà, ká máa tẹ̀ lé wọn bí wọ́n ṣe ń dàgbà láti àpótí kan bọ́ sí èkejì. Ìgbà yẹn la ó rí i pé ìtàn wà nínú ìṣirò.

Orílẹ̀-èdè tí mo mú ni Mọ́rísì, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Mauritius. Inú òkun Íńdíà ló wà, ní ìlà-oòrùn Madagascar. Gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bí 2,040 kìlómítà onígun mẹ́rin lọ, àwọn èèyàn ibẹ̀ sì lé ní 1,200,000.

Kí ló dé tí mo fi mú Mọ́rísì? Nítorí pé iṣẹ́ ló dá ìlú yẹn sílẹ̀. Kò sí onílẹ̀ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àwọn ará Hóláńdì tẹ̀ ẹ́ dó ní 1638, kò sí èèyàn kankan níbẹ̀. Wọ́n kúrò ní 1710. Àwọn Faransé gbà á ní 1715, wọ́n sì kó ẹrú wá láti Madagascar, Mozambique àti àwọn ibòmíràn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ wọn ní 1810. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 1835, wọ́n fòpin sí ìkónilẹ́rú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrèké kò dúró de ẹnikẹ́ni. Láti 1834 ni wọ́n ti ń kó àwọn òṣìṣẹ́ oníwèé àdéhùn wá láti Íńdíà. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, àwọn tó gba èbúté Port-Louis wọlé lé ní 450,000. Ibi tí wọ́n ń gbà wọlé náà, Aapravasi Ghat, ti wà lára ibi àjogúnbá àgbáyé tí UNESCO kà sílẹ̀ ní 2006.

Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan. Ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó kọ́kọ́ dé. Nígbà tó yá, ìjọba ní dandan ni kí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan kó iye obìnrin kan mọ́ wọn. Ìyẹn fi hàn wá pé láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni ìjọba ti ń fi ìwé pinnu iye obìnrin àti iye ọkùnrin tó yẹ kó wà. Àwọn obìnrin tó dé wọ oko ìrèké, wọ́n ro ó, wọ́n ṣà á, owó wọn sì kéré sí ti ọkùnrin. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ dìde ní Belle Vue Harel ní oṣù kẹsàn-án 1943, tí ọlọ́pàá yìnbọn fún wọn, obìnrin kan tó lóyún, Anjalay Coopen, wà lára àwọn tó kú. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ pápá ìṣeré ńlá kan lónìí. Torí náà, ẹni tó bá sọ pé ọdún 1970 ni obìnrin Mọ́rísì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò mọ ìtàn.

Ẹ jẹ́ ká wá mú ìran wa. Ẹ jẹ́ ká mú àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n bí ní 1955.

Ìdí tí mo fi mú ọdún yẹn nìyí. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba gbógun ti ẹ̀fọn àti ibà ní erékùṣù náà. Ikú dín kù kíákíá, ọmọ bíbí kò sì dín kù. Àwọn èèyàn tó lé díẹ̀ ní 500,000 ní 1952 ti ń sún mọ́ 700,000 nígbà tó fi máa di 1962. Ní ìgbà yẹn, obìnrin kan a máa bí nǹkan bí ọmọ mẹ́fà. Ẹ̀rù ba ìjọba. Wọ́n pe àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n láti Gẹ̀ẹ́sì wá wo ọ̀rọ̀ náà. Ìwé Richard Titmuss àti ti James Meade jáde ní 1961. Meade, tó gba ẹ̀bùn Nobel nígbà tó yá, kò rí ọjọ́ iwájú tó dùn fún Mọ́rísì: ilẹ̀ kékeré, irè oko kan ṣoṣo, èèyàn tó ń pọ̀ bí omi òjò. Ó ní kí wọ́n dín ọmọ bíbí kù, kí àwọn kan kó lọ sókè òkun, kí wọ́n sì dá ilé iṣẹ́ tó ń lo ọwọ́ púpọ̀ sílẹ̀.

Nígbà tí òmìnira dé ní ọjọ́ 12 oṣù kẹta 1968, ọmọ wa pé ọdún 13. Ní 1970, nígbà tó pé 15, ìjọba ṣe òfin Export Processing Zone, tí gbogbo ayé ń pè ní EPZ. Ẹni tó ti fi ọ̀nà hàn wọ́n ni José Poncini, tó dá Micro Jewels sílẹ̀ ní 1965: ó ń kó òkúta wẹ́wẹ́ inú aago wọlé láìsan owó ibodè, ó ń mú kí wọ́n ṣiṣẹ́ lé e lórí, ó sì ń kó o padà síta. Ọ̀jọ̀gbọ́n Edouard Lim Fat ti Yunifásítì Mọ́rísì wá ń polongo irú ètò bẹ́ẹ̀ fún ìlú lápapọ̀. Ilé iṣẹ́ tó bá ti ń tajà sókè òkun kò ní san owó ibodè lórí ohun èlò rẹ̀, wọ́n á sì fún un ní ọdún mélòó kan láìgba owó orí. Àwọn olówó Hong Kong dé, àwọn oníṣúgà ibẹ̀ náà kówó sí i, súwẹ́tà àti ṣẹ́ẹ̀tì sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

Ibí yìí ni ilẹ̀ Áfíríkà ìwọ̀-oòrùn wa ti wọ ìtàn náà. Ní 1975, ní Lomé, olú-ìlú Togo, àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà, Kàríbíánì àti Pàsífíìkì bá Yúróòpù ṣe àdéhùn. Àdéhùn Lomé yìí ló jẹ́ kí aṣọ Mọ́rísì wọ ọjà Yúróòpù láìsan owó ibodè, òun náà ló sì fi ìdí iye owó dáadáa múlẹ̀ fún nǹkan bí 500,000 tọ́ọ̀nù ṣúgà wọn lọ́dún. Owó ṣúgà ló di owó ilé aránṣọ.

Ta wá ni wọ́n gbà síṣẹ́? Ọmọbìnrin ni, àwọn tí kò tíì lọ́kọ, àwọn tí kò tíì pé 25. Ẹ má jẹ́ ká sọ pé torí pé ọwọ́ wọn fẹ́lẹ́ ni. Ohun táwọn ọ̀gá ń sọ nìyẹn. Ohun tó wà nínú òfin ni pé owó oṣù tó kéré jù fún obìnrin kéré sí ti ọkùnrin. Òfin náà tún gba ọ̀gá láyè láti fi dandan gba àfikún wákàtí 10 lọ́sẹ̀. Àbí ẹ̀yin náà bá jẹ́ onílé iṣẹ́, ta ni ẹ ó gbà? Nǹkan bí obìnrin mẹ́rin nínú òṣìṣẹ́ márùn-ún ló wà ní EPZ nígbà yẹn. Àwọn bàbá àti ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin jókòó sílé láìríṣẹ́. Ní 1984, ìjọba mú owó oṣù tó kéré jù fún ọkùnrin kúrò ní EPZ, káwọn ọ̀gá lè gba ọkùnrin náà. Ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe mú ọkùnrin bá obìnrin dọ́gba? Sísàlẹ̀ ni wọ́n mú wọn wá, kì í ṣe òkè ni wọ́n gbé obìnrin lọ.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́ tó kù. Ní 1982, ìran wa pé 27. Àìríṣẹ́ṣe le débi pé ẹgbẹ́ alátakò kó gbogbo ìjókòó 60 tó wà fún erékùṣù náà nínú ìbò. EPZ ní òṣìṣẹ́ tó lé díẹ̀ ní 20,000. Kí àwọn ọdún 1980 tó parí, wọ́n ti lé ní 80,000. Nínú ìkànìyàn 1972, nǹkan bí obìnrin kan nínú márùn-ún ni wọ́n kà mọ́ òṣìṣẹ́. Nígbà tó fi máa di 1990, wọ́n ti lé ní ẹyọ kan nínú mẹ́ta. Iṣẹ́ pọ̀ ju ọwọ́ lọ, wọ́n tún ń kó òṣìṣẹ́ wá láti Ṣáínà. Ọmọ bíbí ti já wálẹ̀ sí bíi méjì àti díẹ̀ fún obìnrin kan. Òfin Faransé àtijọ́ tó ń ka obìnrin tó lọ́kọ sí ọmọdé, wọ́n tún un ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Obìnrin tó ń gba owó tirẹ̀ lọ́sẹ̀ kì í pẹ́ kó tó ní ohùn nínú ilé. Ẹni tó bá fojú tẹ́ńbẹ́lú ìyẹn kò ṣe dáadáa sí wọn.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan bọ́ lọ́wọ́ ìran 1955. Lẹ́yìn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ̀hónú hàn ní oṣù karùn-ún 1975, ìjọba sọ ilé-ẹ̀kọ́ girama di ọ̀fẹ́ láti 1977. Ọmọ wa ti pé 22, ó ti wà nídìí máṣìn. Àwọn àbúrò rẹ̀ ló jẹ àǹfààní yẹn. Ẹ pa ìyẹn mọ́ sọ́kàn.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2005, ètò kótà tó ń dí Ṣáínà àti Íńdíà lọ́wọ́ nínú ọjà aṣọ àgbáyé dópin. Àwọn ilé iṣẹ́ Mọ́rísì ti ń ti ilẹ̀kùn láti ọdún díẹ̀ ṣáájú, àwọn mìíràn kó lọ sí Madagascar. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin pàdánù iṣẹ́. Ìran wa ti pé 50. Lẹ́yìn-ò-rẹyìn, Yúróòpù gé owó ṣúgà pẹ̀lú, ó gé e ní 36 nínú 100 láàárín 2006 sí 2009, oko tí wọn ì bá padà sí náà ń dín òṣìṣẹ́ kù. Iṣẹ́ tuntun wà lóòótọ́, ní Ebène, níbi tí wọ́n kọ́ ìlú kọ̀ǹpútà sí, àti ní àwọn báńkì. Ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí ni wọ́n ń béèrè níbẹ̀. Àwọn aláṣẹ wá ń sọ pé àwọn obìnrin yìí kò ní ìmọ̀, pé wọ́n ti dàgbà jù. Ẹni tó ti ran súwẹ́tà fún ọdún 30, ìmọ̀ ló kún ọwọ́ rẹ̀. Ìwé ni kò ní, ìlú tó nílò rẹ̀ nídìí máṣìn nígbà tó wà lọ́mọdé ni kò sì jẹ́ kó ní in.

Àwa Yorùbá ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọjọ́ orí kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tó bá a mu. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Mọ́rísì ni pé wọ́n kọ́ akèrègbè nìkan, wọn ò kan pẹpẹ. Nígbà tí ọwọ́ tóbi, kò sí ibi tó máa nà sí.

Kí wá ni tábìlì òní ń sọ? Ṣáájú àjàkálẹ̀ Kòrónà, nǹkan bí obìnrin 45 nínú 100 ló wà lẹ́nu iṣẹ́ tàbí tó ń wáṣẹ́, ọkùnrin sì lé ní 70. Àìríṣẹ́ṣe láàárín obìnrin tó ìlọ́po méjì ti ọkùnrin. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà láàárín 16 sí 24 ló sì ń jìyà àìríṣẹ́ jù, àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ ìran 1955 nìyẹn, tí wọ́n kàwé, tí wọn kò sì fẹ́ padà sídìí máṣìn tí ìyá wọn jókòó tì. Àwọn ọmọ Bangladesh àti Madagascar ló wà níbẹ̀ báyìí.

Ìlànà tí wọ́n fi ń ka èèyàn náà ń fi nǹkan pa mọ́. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan péré fún owó lọ́sẹ̀ ìkànìyàn, òṣìṣẹ́ ni. Obìnrin tó ti wáṣẹ́ títí tó ti sú u, tó wá jókòó ti ọmọ-ọmọ rẹ̀ kí ọmọ rẹ̀ lè lọ síbi iṣẹ́, kì í ṣe òṣìṣẹ́, kì í sì í ṣe aláìríṣẹ́. Ó ti jáde kúrò nínú ìṣirò pátápátá. Nínú èdè tiwa, iṣẹ́ ilé, iṣẹ́ ni. Nínú tábìlì, òfo ni.

Ohun tó gba ìran 1955 là ni owó àgbà tí ìjọba ń san nígbà náà fún gbogbo ẹni tó bá pé 60, yálà ó ṣiṣẹ́ oṣù rí tàbí kò ṣe é. Láti 1958 ni wọ́n ti ń san irú owó bẹ́ẹ̀ fún àgbà láìbéèrè olówó tàbí tálákà. Ìran wa dé ibẹ̀ ní 2015, lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá tí iṣẹ́ ti bọ́. Ní 2025, ìjọba kéde pé òun yóò máa sún ọjọ́ orí náà díẹ̀díẹ̀ lọ sí 65, torí pé àgbà ń pọ̀, ọmọ tó ń wọlé iṣẹ́ sì ń dín kù. Ìṣirò owó lè dá wọn láre. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tèmi ni pé: obìnrin tí wọ́n sọ fún ní ẹni 50 ọdún pé ó ti dàgbà jù fún iṣẹ́, kí ni yóò máa jẹ títí dé 65?

Nítorí náà, nígbàkigbà tí ẹ bá gbọ́ tí aláṣẹ kan, níbikíbi, bá ń yangàn pé iye obìnrin tó níṣẹ́ ti gòkè, ẹ bá mi béèrè nǹkan mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n? Eélòó ni wọ́n ń gbà? Níbo ni wọn yóò wà lẹ́yìn 20 ọdún? Ìbéèrè kẹta yẹn ni tábìlì kì í dáhùn. Àwa tí a ń kọ ìtàn ló yẹ ká máa bi í.